Ojú Tó Wọ Inú Orin Mi

Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú ṣe fún mi ní Bàrígà. Mi ò wí pé ohun tí ojú mi rí o. Ohun tí ojú ṣe fún mi ni mo wí. Ẹ máa bá mi bọ̀.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé composer ni mí. Ní yunifásítì, "contemporary classical composer" ni wọ́n ń pe irú wa. Orúkọ náà gùn, ó sì dùn ún gbọ́, àmọ́ ohun tó túmọ̀ sí ni ẹni tó ń kọ orin tí ẹnì kankan kì í kọ. Èmi ń kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn akọrin ń kọ̀ ọ́. Mo ní orin fún fáyólìn mẹ́rin tí kò tíì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ní fáyólìn kan ṣoṣo. Mo ní orin dùrù tí mo fi parí ẹ̀kọ́ mi, tí ọ̀jọ̀gbọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé ó jinlẹ̀. Ó jinlẹ̀ lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà, kò tíì jáde.

Màmá mi máa ń sọ fún àwọn ará Palmgrove pé tíṣà ni mí. Kò parọ́. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, Abẹ́òkúta ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní orin. Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni mo máa ń di composer.

Lọ́dún tó kọjá, mo pinnu. Mo ní orin mi kan gbọ́dọ̀ tẹnu èèyàn jáde kí ọdún náà tó parí, bó tiẹ̀ jẹ́ ẹnu tèmi nìkan ló kù. Mo wá kọ ọ̀kan fún ẹgbẹ́ akọrin, mo pè é ní "Omi Ò Nílẹ̀kùn". Ọ̀rọ̀ ọ̀sà ni. Ẹni tó bá ń gbé etí omi ní Bàrígà kò nílò àlàyé: òjò á rọ̀, ọ̀sà á kún, omi á sì wọlé láì kí onílé. Ibi tí gbogbo orin náà dúró lé ni ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ pé "omi ń bọ̀". Lórí "bọ̀" yẹn, gbogbo ohùn á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fà á lọ, wọ́n á tún fà á lọ, títí ọkàn ẹni tó ń gbọ́ ò fi ní balẹ̀ mọ́. Bí wọn ò bá fa ohùn yẹn, kò sí orin.

Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Bàrígà gbà láti kọ ọ́. Ọ̀gá wọn, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Dádì Adéògún, ti ń darí akọrin kí wọ́n tó bí mi. Ó ní kí n kọ orin náà ní sol-fa, ìyẹn dó, rè, mí tí wọ́n ń fi lẹ́tà kọ, torí èyí tí àwọn èèyàn òun lè kà nìyẹn. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo gbé e lọ fún Kúdí ní Ṣómólú, níbi tí wọ́n ti ń tẹ gbogbo ohun tó bá ṣeé tẹ̀, láti ìwé ìgbéyàwó dé ìwé ìsìnkú. Kúdí tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, mo yẹ̀ ẹ́ wò níṣojú rẹ̀, ó pé. Mo dúpẹ́, mo gba Abẹ́òkúta lọ.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé lẹ́yìn tí mo lọ tán, kọ̀ǹpútà yẹn kú. Kúdí tún iṣẹ́ náà tẹ̀ lórí òmíràn, tuntun, èyí tó gbọ́n jù.

Ẹ wò ó. Nínú sol-fa, bí a bá fẹ́ kí akọrin fa ohùn lọ, irú àmì tó máa wà níbẹ̀ nìyí: :-| Àmì kékeré méjì tó jókòó léra wọn, ìlà kan tó dùbúlẹ̀, ìlà kan tó dúró. Ṣé ẹ ti ń rí wàhálà tó ń bọ̀? Kọ̀ǹpútà ọlọ́gbọ́n yẹn ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ orí fóònù pé ojú èèyàn nìyẹn! Gbogbo ibi tí mo ní kí wọ́n ti fa ohùn ló pa rẹ́, ó wá fi ojú roboto kan síbẹ̀, ojú tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹnu ẹni tí wọ́n fi ẹran dù. Ojú tó wà nínú orin mi pọ̀ ju ojú tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Kúdí rí i o. Nígbà tí mo bi í lẹ́yìn náà, ó ní òun rò pé bí orin àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe máa ń rí nìyẹn. Ó tiẹ̀ wù ú.

Èmi dé ní Sátidé, ọ̀la ni wọ́n máa kọ orin náà. Wọ́n ti ń kọ́ ọ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìsí mi níbẹ̀. Dádì Adéògún fi mí jókòó síwájú, ó wá fi ọkùnrin kan hàn mí lẹ́yìn, Dókítà Ládàpọ̀, tó ń yan orin tuntun tí wọ́n máa kọ ní gbọ̀ngàn ńlá kan ní Island. Dókítà yìí wé ṣíkáàfù òtútù mọ́rùn nínú oòrùn Bàrígà. Dádì sọ sí mi létí pé bí orin yìí bá tẹ́ ọkùnrin náà lọ́rùn, èmi àti ẹgbẹ́ akọrin la jọ ń lọ Island.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó dùn. Tírébù gòkè, tẹ́nọ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n dé "omi ń bọ̀".

Wọ́n dákẹ́.

Wọn ò kàn dákẹ́ lásán. Gbogbo wọn pa ẹnu dé, wọ́n tẹjú mọ́ mi bí ìgbà tí èèyàn bá ń ya fọ́tò páspọ́ọ̀tù. Mo rò pé ẹnì kan ti ṣubú lẹ́yìn mi ni. Mo bojú wẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó ṣubú. Kí n tó lanu, wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún dé "ń bọ̀", páspọ́ọ̀tù mìíràn. Omi mi ń bọ̀, kò dé. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ dé òpin nìyẹn.

Mo gba ìwé lọ́wọ́ áltò tó sún mọ́ mi. Mo wo ojú inú ìwé. Òun náà wò mí.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí Dádì Adéògún kọ́kọ́ rí àwọn ojú yẹn, kò yé e. Àmọ́ ó ti sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé ọmọ yunifásítì ló kọ ọ́, orin ìgbàlódé ni. Ṣé òun náà ló máa wá pè mí lórí fóònù pé kí n bá òun túmọ̀ rẹ̀? Ó rò ó títí, ó wá ìtumọ̀ kan fún un: ẹ dákẹ́, kí ẹ sì ṣe ojú bẹ́ẹ̀. Tẹ́nọ̀ kan fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n ní kó má dójú ti àwọn.

Ibi tí mo ti ń wo ìwé ni Dókítà Ládàpọ̀ ti dìde tó ń pàtẹ́wọ́. Ó ní kò síbi tí òun ò tíì gbọ́ orin dé, òun ò gbọ́ irú èyí rí. Ó ní àwọn tí ìjọba gbàgbé ló ń wo ìjọba lójú yẹn. Ó ní mo ti wó ògiri tó wà láàárín orin àti ère. Ó nawọ́ sí ojú inú ìwé, ó ní ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá kiri ní Yúróòpù nìyí. Ó ní òun mú un, bó ṣe wà gan-an ni kó wà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ máa ṣe?

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Dádì Adéògún fà mí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dùrù. Ó ti rí i lára mi pé nǹkan ṣe.

"Bíọ́lá, ojú yẹn, ṣé ìwọ lo fi síbẹ̀?"

"Èmi kọ́, Dádì. Kọ̀ǹpútà ni."

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Dókítà ò mọ̀?"

"Wọn ò mọ̀, sà."

"A jẹ́ pé Ọlọ́run ló fi síbẹ̀. Pa ẹnu ẹ mọ́."

Ẹ má bínú sí i. Àwọn èèyàn yẹn ti ń kọrin láti kékeré, kò sẹ́ni tó pè wọ́n lọ sí irú gbọ̀ngàn yẹn rí. Èmi náà ńkọ́? Mo rántí fáyólìn mẹ́rin mi. Mo ro bí orúkọ mi á ṣe rí nínú ìwé ètò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara mi rojọ́ bí lọ́yà: ṣebí èmi náà ni mo kọ gbogbo ohùn tó kù? Mo tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé ó ti pẹ́ tí ojú yẹn ti wà lọ́kàn mi, pé mi ò kàn tíì mọ̀ ni. Yunifásítì ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn.

Mo jáde síta kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí mi. Màmá Ìlérí, olórí àwọn áltò, tẹ̀ lé mi. Ó rọra bi mí pé níbi ojú yẹn, kí ló yẹ kí àwọn ṣe gan-an. Mo sọ fún un. Mo kọ ọ́ sí i létí, mo fa "bọ̀" yẹn lọ títí èémí mi fi tán. Ó ní kí n tún un kọ, a jọ kọ ọ́, ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ohùn mi bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Abájọ," ó ní. "Èémí tí mo máa ń fà síbẹ̀, mi ò ríbi lò ó. Mo kàn máa ń gbé e lọ sílé ni."

Kò bẹ̀ mí pé kí n ṣe ohunkóhun. Ó padà wọlé. Èmi náà wọlé tẹ̀ lé e, torí mo ti mọ̀ pé mi ò lè gbé àwọn ojú yẹn lọ ibì kankan.

Mo dúró níwájú gbogbo wọn, mo sọ ọ́. Mo ní àṣìṣe ni. Mo ní ohùn gígùn ló yẹ kó wà níbi gbogbo tí wọ́n ti dákẹ́. Ilé wá dákẹ́ lóòótọ́, irú èyí tí ẹnì kankan ò kọ́ wọn.

Dókítà Ládàpọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kí n má da ara mi láàmú, pé nínú iṣẹ́ ọnà, ohun tó wà lọ́kàn composer kò já mọ́ nǹkan kan, pé ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti fẹnu kò pé ẹni tó kọ iṣẹ́ ti kú.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," mo ní, "kò tíì kú. Òun ló ń bá yín sọ̀rọ̀."

Báàsì kan rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó. Dókítà ní kí n rò ó dáadáa, pé bí ojú bá kúrò, orin lásán ló kù, wọn ò sì wá orin lásán ní Island. Mo ní mo ti rò ó. Ó tún ṣíkáàfù rẹ̀ wé, ó ní òun máa wá wò ó lọ́la, ó lọ.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Tírébù kan sọ ọ́ kí n lè gbọ́ pé àwọn kan wà tí oore máa bá nílé tí wọ́n á ní kó dúró síta. Mi ò dá a lóhùn. Mo ní kí olúkúlùkù mú bírò, ká fagi lé gbogbo ojú, ká fi ìlà rọ́pò rẹ̀. Mo wá wo Dádì Adéògún, torí bó bá kọ̀, ó tán nìyẹn. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀ títí. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní kí wọ́n bá òun wá bírò.

Ibẹ̀ ni ohun tí mi ò retí ti ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fagi lé ojú ni ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu wọn. Bọ̀ọ̀dá Táíwò, tó dàgbà jù nínú báàsì, nawọ́ sókè. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí a ti ń béèrè, kí ni lẹ́tà f tó máa ń wà lórí orin? Mo ní kí wọ́n gbé ohùn sókè níbẹ̀ ni. Ó ní há, òun ti rò pé "female" ni, ìdí tí òun fi máa ń dákẹ́ fún àwọn obìnrin nìyẹn láti ọdún gbọọrọ. Ẹnì kan bi í pé mf wá ńkọ́. "Male and female," Bọ̀ọ̀dá Táíwò dáhùn. "Mo máa ń kọ ìyẹn." Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá! Dádì Adéògún rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní àṣé bó ṣe jẹ́ nìyí, òun tí òun ti ń gbààwẹ̀ lórí báàsì.

A kọ́ ọ títí oòrùn fi rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Wọ́n dé "omi ń bọ̀", ohùn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì fà á. Áltò gbé e, báàsì ò fi í sílẹ̀ fún obìnrin kankan, wọ́n fà á lọ, wọ́n fà á lọ. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí jókòó níwájú mi. Bí ohùn yẹn ṣe ń lọ, mo rí i tó gbé báàgì rẹ̀ kúrò nílẹ̀, tó gbé e lé itan. Mi ò rò pé ó mọ̀ pé òun ṣe é.

Dókítà wá. Nígbà tó parí, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní ó mọ́ tónítóní. Nínú èdè àwọn irú rẹ̀, wọ́n ti sin èèyàn nìyẹn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé bí mo bá lè dá àwọn ojú padà, àyè ṣì wà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ̀.

A ò lọ Island. Èmi fúnra mi ni mo lọ sọ fún wọn, mo sì ti múra èébú sílẹ̀. Inú bí àwọn kan lóòótọ́, tírébù yẹn ò tíì kí mi dáadáa títí dòní. Àmọ́ Dádì Adéògún bi mí pé kí ni mo tún ń kọ lọ́wọ́. Mo ní kò tíì parí. Ó ní kí n máa gbé e bọ̀ bẹ́ẹ̀, kí àwọn lè bi mí léèrè gbogbo ohun tó bá rú wọn lójú kó tó dé Ṣómólú. Mo ti ń gbé e lọ. Ìbéèrè wọn pọ̀ ju orin lọ, mi ò sì ní dáwọ́ dúró.

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Wọn ò sọ fún wa pé bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá jọ ṣìnà láì béèrè, ìgbàlódé ni wọ́n máa ń pè é. Ẹ̀rù kí wọ́n má pè wá ní púrúǹtù ló ń sọ àṣìṣe di ọgbọ́n, àwa tá a kàwé la sì ń bẹ̀rù jù.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí, níbi iṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sálásí, tí kò yé yín, tí ẹ ò sì bi ẹnikẹ́ni? Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ yìí, ẹ má tijú. Mi ò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ju bí mo ṣe fi ara mi ṣe é lọ.