Alùpùpù Tó Bá Ṣàrífátù Mu

Bí ẹ bá dé àdúgbò Gbégamey, tí ẹ ní ẹ ń wá Ṣàrífátù aránṣọ, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi yín ni pé, “Ṣé èyí tó ń gun alùpùpù bí ẹni tí wọ́n ń lé?” Òun náà ni. Obìnrin kúkúrú ni, ó tín-ín-rín, ṣùgbọ́n bí ìró alùpùpù bá ti ta sí i létí, ara rẹ̀ kì í gbà á mọ́ lórí àga.

Ọkọ rẹ̀, Àbídéènì, ló fún un ní èyí tó ń gùn. Oníṣòwò ìrẹsì ni Àbídéènì, ó sanra, ó sì síngbọnlẹ̀. Orí alùpùpù yẹn ló ti ń kó àpò ìrẹsì kiri ìgboro kó tó ra ọkọ̀. Lọ́jọ́ tó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ńṣe ni Ṣàrífátù fò mọ́ ọn lọ́rùn.

Nígbà tí wọ́n kéde ìdíje alùpùpù fún àwọn obìnrin lórí iyanrìn etí òkun ní Ekpè, kò ro ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó forúkọ sílẹ̀. Àmọ́ nígbà tó lọ dánra wò níbẹ̀, ojú rẹ̀ rí nǹkan. Gbogbo òkìtì iyanrìn tó bá kàn ló ń ta á sókè bí àgbàdo inú agbada gbígbóná. Táyà ẹ̀yìn á kúrò nílẹ̀, alùpùpù á kọrí síbi tó wù ú, ìyá á sì balẹ̀ gbìì! Judith, ọmọ àdúgbò Jonquet tó gbégbá orókè lọ́dún tó kọjá, ló gbé e dìde, tó bá a gbọn iyanrìn dànù.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ó jọ pé alùpùpù yìí ju agbára yín lọ.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Láti Ekpè, ọ̀dọ̀ Paulin ló wà á lọ tààrà, mẹkáníìkì kan nítòsí ọjà Gbégamey tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Fòfó, ìyẹn ẹ̀gbọ́n lédè Fọ̀n. Àbídéènì gbọ́, òun náà sáré wá.

“Fòfó, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé mo kéré jù ni?”

Paulin ní kó jókòó lé alùpùpù náà bí ẹni tó fẹ́ gbéra. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹjú mọ́ amọ̀tísọ̀ méjèèjì tó wà lẹ́yìn, àwọn irin onísípíríǹgì tó ń gba gbígbọ̀n ọ̀nà mọ́ra kó má baà dé ara ẹni. Wọn kò mira rárá. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

“Ìyá Sọ̀fíyàt,” bó ṣe máa ń fi orúkọ àkọ́bí rẹ̀ pè é nìyẹn, “ìwọ kọ́ ló jẹ̀bi. Ọkọ rẹ ló ṣì jókòó sórí alùpùpù yìí!”

Àbídéènì fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi di ikùn mú. Paulin wá ṣàlàyé pé nítorí Àbídéènì àti àpò ìrẹsì rẹ̀ ni wọ́n ṣe fún sípíríǹgì náà le koko. Ó yẹ kó rọlẹ̀ díẹ̀ bí èèyàn bá jókòó lé e, kó lè ráyè nà tẹ̀lé ilẹ̀ bí táyà bá bọ́ sí kòtò. Bí kò bá ráyè nà, fífò ni táyà á máa fò.

“Ẹ bá mi dẹ̀ ẹ́ nígbà náà!” Ṣàrífátù ti ń fa téèpù ìránṣọ yọ lọ́rùn. “Ẹ gbà, ẹ fi èyí wọ̀n ọ́n.”

Àbídéènì di alùpùpù mú ṣinṣin. Paulin wọn gíga ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí lórí rẹ̀, ó tún wọ̀n ọ́n nígbà tí Ṣàrífátù gùn ún. Ó fi sípánà yí òrùka tó wà nídìí sípíríǹgì lọ́tùn-ún lósì, kí méjèèjì lè dọ́gba. Ó wá da ọ́ìlì inú ọ̀pá méjèèjì tó gbé táyà iwájú dúró nù, ó fi èyí tó ṣàn dáadáa rọ́pò rẹ̀.

Ṣàrífátù gbéra. Kò tíì dé ẹ̀yìn ọjà tí ìdí alùpùpù fi gbá sísàlẹ̀, gbà! Ó yí padà.

“Fòfó, ẹ ti sọ ọ́ di tìmùtìmù!”

Paulin tún fún un díẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pẹ́ kó tó dé. Kó tó kúrò lórí alùpùpù ló ti ń pariwo: “Ó ń gbọ́ràn! Ibi tí mo bá ní kó lọ ló ń lọ!”

Ọjọ́ ìdíje pé. Èrò kún etí òkun bámúbámú. Bí wọ́n ṣe ju àsíá sílẹ̀ ni iyanrìn bo Ṣàrífátù lójú, ló bá di èrò ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kan àwọn òkìtì, tí àwọn yòókù ń rọra, òun kò rọra. Alùpùpù rọlẹ̀, ó nà, táyà sì di ilẹ̀ mú. Ó kọjá ẹnì kan, ó kọjá òmíràn. Àbídéènì ń sáré létí ọ̀nà pẹ̀lú gbogbo ara ńlá rẹ̀, fìlà rẹ̀ ti já bọ́.

“Ṣàrífá! Fún un níná! Má wẹ̀yìn!”

Ní kọ́nà tó kẹ́yìn, òun àti Judith wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èrò ń hó yèè. Judith ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan òpin, ohun tó fi jù ú kò ju ìdajì táyà lọ. Ṣàrífátù kò tilẹ̀ bìkítà. Ó ju akoto rẹ̀ sókè, ó ń fò, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ayọ̀ ń bọ́ lójú rẹ̀. Judith sáré dì mọ́ ọn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ dẹ́rù bà mí lónìí! Ta ló bá yín tún alùpùpù yìí ṣe?”

Ṣàrífátù nawọ́ sí Paulin, tó mú bàtà dání, tó ń jó lórí iyanrìn láìsí ìlù.

Òun àti Judith jọ ń dánra wò ní Ekpè báyìí, àwọn obìnrin mìíràn sì ti ń dara pọ̀ mọ́ wọn. Ṣàrífátù ní lọ́dún tó ń bọ̀, òun kò ní gbà fún Judith. Judith ní kó máa bọ̀, ààyè wà.