Ọ̀nà Omi Tí Ẹsẹ̀ Mọ̀

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló mú mi. Olùkọ́ kan tí mi ò tíì rí lójúkojú ló bi kíláàsì rẹ̀ láti inú tẹlifíṣọ̀n ńlá tí a gbé kọ́ ara ògiri: “Bí òjò bá rọ̀ sórí òrùlé ilé yín, ibo ni omi yẹn ń gbà lọ?” Mo wà lẹ́yìn yàrá, mo fẹ́ pa fáànù tó ń pariwo. Kò sẹ́ni tó ní kí n dáhùn. Ṣùgbọ́n mo ti ń gbé Addo, ní Ajah, láti ìgbà tí mo ti lọ sílé ọkọ, àgbàrá ti gbé bàtà mi lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mi ò sì bi ara mi rí pé ibo ló ń kó bàtà lọ. Mo gbàgbé fáànù. Mo fa àga kan, mo jókòó.

Ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní àdúgbò kan tó yà kúrò lára Addo Road. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oòjọ́ ló ń wá síbẹ̀ láti kọ́ ẹ̀kọ́ yunifásítì láti ọ̀nà jíjìn. Yunifásítì wà níbòmíràn, àwọn olùkọ́ sì ń sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀. Tiwa ni yàrá, iná, íńtánẹ́ẹ̀tì àti àga. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta la ní: ìṣètò ìlú, ìtọ́sọ́nà ìlera, àti èdè àgbáyé. Èmi ni mo máa ń gba ẹni tó bá wọlé, tí n óò ṣàlàyé ohun tí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ fún un.

Ìtọ́sọ́nà ìlera ló máa ń gba àlàyé jù. Ọ̀pọ̀ rò pé nọ́ọ̀sì làwọn ń bọ̀ wá dà. N óò ní, “Rárá o. Dókítà ti sọ fún bàbá kan pé kó dín iyọ̀ kù, kó sì máa rìn. Bàbá náà gbọ́, ṣùgbọ́n kò mọ bí òun ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó máa bá a bẹ̀rẹ̀, tí kò sì ní jẹ́ kó dáwọ́ dúró, òun lẹ fẹ́ dà yẹn.” Èdè àgbáyé ò le láti ṣàlàyé. Awakọ̀ kan tó ń gbé èrò ní Oniru, Súlè, wá kọ́ Faransé. Ó ní àwọn àlejò tí òun ń gbé lọ sí etíkun Eleko máa ń fi èdè náà sọ̀rọ̀ òun lẹ́yìn ọkọ̀, òun sì fẹ́ mọ ibi tó yẹ kí òun ti bínú.

Ṣùgbọ́n ìṣètò ìlú lèmi fẹ́. Ọ̀gá wa, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè, gbà pé kí n máa jókòó lẹ́yìn bí iṣẹ́ bá ti tán. Mi ò forúkọ sílẹ̀. Mo kàn ń gbọ́, mo sì ń dán ohun tí mo gbọ́ wò. Ohun tí mo kọ́kọ́ rà ni rọ́bà tín-ínrín tó mọ́ gaara, irú èyí táwọn bíríkìlà fi ń wọn ilẹ̀. Ẹ óò bu omi sínú rẹ̀, ẹnì kan á di etí kan mú níhìn-ín, ẹlòmíì á di èkejì mú lọ́hùn-ún. Bó ti wù kí rọ́bà náà lọ́ tó, ojú omi méjèèjì á dọ́gba. Láti ojú omi yẹn lẹ óò wá fi téépù wọn dé ilẹ̀, ẹ óò sì mọ apá tó ga àti apá tó rẹlẹ̀. Mo kọ́kọ́ lò ó láàárín ilé ìdáná wa àti ẹnu ọ̀nà. Ọkọ mi ní kí n jọ̀ọ́, kí n má wọn òun.

Lọ́dún yẹn, òjò àkọ́rọ̀ wọ inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ó ba wáyà jẹ́, ó sì mú kí kíláàsì dúró. Ọ̀gá pè mí.

“Fọlákẹ́, bí omi bá tún wọ ibí yìí lẹ́ẹ̀kan sí i, Oniru là ń lọ. Mo ti rí ilé kan níbẹ̀.”

“Àwọn ọmọ kíláàsì wa ńkọ́, mà?”

“Ẹni tó bá lè dé Oniru á dé ibẹ̀.”

Ẹni tí mo kọ́kọ́ rò ni Ìyá Àdúrà. Aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò jìnnà sí wa, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà obìnrin ìjọ aláṣọ funfun tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ẹ̀kọ́ ìtọ́sọ́nà ìlera ló ń ṣe. Bó bá ti kan kíláàsì, á kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, á sì wọlé tòun ti téépù lọ́rùn. Mo sọ fún un.

“Oniru?” ó ní. “Kí n tó lọ kí n tó bọ̀, oníbàárà á ti kó aṣọ ẹ̀ lọ bá ẹlòmíì. Kí wọ́n kúkú sọ fún mi pé ẹ̀kọ́ mi ti parí.”

Kì í ṣe òun nìkan. Bí a bá kó lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo fi ẹnu ara mi pè wọlé ni kò ní lè tẹ̀ lé wa.

Kíláàsì ìṣètò ìlú wá fi àdúgbò wa ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá wọn. Èmi ni mo di rọ́bà mú. A wọn láti ẹnu ọ̀nà wa dé òpin títì, ó sì hàn pé ilẹ̀ ń rọra rẹlẹ̀ lọ sí apá ọ̀sà. Inú wa dùn. Àwọn láńdílọ́ọ̀dù gbà kí a kó ìdọ̀tí inú gọ́tà, a sì kó o mọ́. Òjò tó tẹ̀ lé e rọ̀, omi lọ dáadáa títí dé ìdajì títì, ó sì ṣẹ́rí padà. Ó gorí àtẹ̀gùn wa, ó dúró sí ojú ẹnu ọ̀nà gan-an, bí àlejò tó ń rò ó bóyá kí òun wọlé.

A ròyìn fún olùkọ́. Ó wo àwòrán tí a yà, ó ní, “Ìwọ̀n yín dára. Ṣùgbọ́n orí yanrìn lẹ ti wọ̀n ọ́n. Omi lè máa wá ilẹ̀ tó wà lábẹ́ yanrìn.”

Ó yé wa lójú ẹsẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé á kọ́kọ́ wo bí ilẹ̀ aládùúgbò rẹ̀ ti ga tó, á sì da yanrìn tirẹ̀ kọjá ibẹ̀. Aládùúgbò náà á bínú, á tún da tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé kan fi dà bí ẹni jókòó sórí àpótí, tí àwọn tó ti pẹ́ sì ń sọ̀ kalẹ̀ wọ pálọ̀ ara wọn. Ṣùgbọ́n níbo ni ká ti máa wá ilẹ̀ àtijọ́ lábẹ́ gbogbo yanrìn yìí?

Ìyá Àdúrà ló dáhùn. Ó ń dúró kí kíláàsì tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wọ bàtà,” ó ní.

“Kí ni bàtà ṣe yín, Ìyá Àdúrà?” Súlè, tí òun náà ń dúró de kíláàsì Faransé, bi í.

“Bí a bá ti wọ sùtánà, ẹsẹ̀ lásán là ń fi rìn láti ilé dé ilé ìjọsìn. Bí oòrùn bá mú, ilẹ̀ á máa jó wa lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ibi tí wọ́n ti ń gé búlọ́ọ̀kù, ó máa ń tutù. Ó tutù lọ́sàn-án, ó tutù nígbà ọyẹ́. Gbogbo wa la máa ń yà síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa.”

A jáde. Mo bọ́ bàtà mi, àwọn yòókù sì bọ́ tiwọn. Súlè ní owó iléèwé tí òun san kò sí fún ẹsẹ̀ jíjó, àmọ́ ó tẹ̀ lé wa. Títì gbóná débi pé a ń tọ pọ́n-ún pọ́n-ún. Nígbà tó di ẹ̀gbẹ́ ògiri náà, gbogbo wa rọra dẹ̀sẹ̀. Ilẹ̀ tutù, ó sì rọ̀ díẹ̀. A tọ ìtútù náà lọ bí ẹni tọ okùn, títí tó fi yà kúrò lára títì, tó wọ inú ilẹ̀ gbọọrọ kan tí igbó ti bò. A gbẹ́ ibẹ̀ wò. Lábẹ́ yanrìn ni ẹrẹ̀ dúdú wà, omi sì rọra ń sun jáde nínú rẹ̀.

Ẹbí kan ló ni ilẹ̀ náà, Bàbá tó jẹ́ olórí ẹbí sì ti bá oníbàárà tó fẹ́ rà á sọ̀rọ̀. Èmi àti Ìyá Àdúrà lọ bá wọn. Ìjẹ̀bú ṣì wà lẹ́nu Bàbá dáadáa.

“Lèsí rán yín?” wọ́n ní.

“Kò sẹ́ni tó rán wa, Bàbá. Ẹ̀kọ́ ló gbé wa wá.” Mo ṣàlàyé pé bí wọ́n bá fi ọgbà ká ilẹ̀ yẹn mọ́, omi ò ní ríbi gbà dé ọ̀sà.

“Ibẹ̀ la ti ń fi apẹ̀rẹ̀ gbọ́n ẹja lọ́mọdé,” wọ́n ní. “Mo mọ̀ pé omi ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi í sílẹ̀, àwọn ọmọ àbúrò mi á tà á bí mo bá kú. Ilẹ̀ òfìfo ní Ajah, ẹni tó máa rà á ló ń dúró dè.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ, olùkọ́ náà sì ti sọ irú ẹ̀ rí: ọ̀nà tí èèyàn ò bá rìn, ẹlòmíì á gbà á.

“Bó bá wá di ọ̀nà tí à ń rìn ńkọ́?” Ìyá Àdúrà bèèrè. “Igbó ni ò jẹ́ kí ìjọ gba ibẹ̀.”

Bàbá wo ẹsẹ̀ Ìyá Àdúrà, bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. “Oníbàárà mi ń bọ̀ wá wo ilẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Bó bá bá ọ̀nà níbẹ̀, n óò yọ ọ̀nà sílẹ̀, n óò ta ìyókù. Bó bá bá igbó, igbó ni n óò tà.”

Lọ́jọ́ Sátidé, kíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣán igbó náà, Ìyá Àdúrà sì ní òun á bá ìjọ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, òjò wínníwínní ń rọ̀, ọkàn mi ò balẹ̀. Oníbàárà ti dé, ó dúró pẹ̀lú Bàbá lábẹ́ agbòjò kan. Mo ń wo ìsàlẹ̀ títì, mi ò rí ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ agogo ọwọ́. Wọ́n yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri búlọ́ọ̀kù, àgbà àti ọmọdé, funfun lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n yà wọ inú ilẹ̀ náà láìwo ẹnì kankan. Ìyá Àdúrà wà láàárín. Kò wò mí.

Oníbàárà sún sẹ́yìn kí wọ́n lè kọjá. “Bàbá, ṣé ọ̀nà ni ibí yìí?”

“Ọ̀nà ni,” Bàbá ní. “Omi ló ti ń gbà á kí wọ́n tó bí mi.”

Ó ra ìyókù. Ọgbà rẹ̀ dúró létí ọ̀nà náà. Àwọn láńdílọ́ọ̀dù dá owó, a gbẹ́ gọ́tà jíjìn sí abẹ́ ọ̀nà, a sì fi kọnkéré bò ó, pẹ̀lú àlàfo tóóró tí omi ń gbà wọlé. Ìyá Àdúrà dúró ti bíríkìlà, ó ní kó dán ojú kọnkéré náà bí ilẹ̀ pálọ̀, nítorí ẹsẹ̀ àwọn àgbà. Bíríkìlà ní òun ò kọ́ gọ́tà oge rí láyé òun. Ó dán an.

Òjò tó tíì le jù láti ìgbà náà rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí kíláàsì ìtọ́sọ́nà ìlera ń lọ lọ́wọ́. Ọ̀gá jáde wá sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo títì. Mo bá Ìyá Àdúrà yá téépù ọrùn rẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì wọ̀n ọ́n láti ojú omi dé ojú ẹnu ọ̀nà wa, níbi tí omi ti dúró lọ́jọ́sí.

“Mélòó ni?” Ọ̀gá bi mí.

Mo tún un wọ̀n kí n tó dáhùn. Ó ku ínǹṣì mẹ́rìndínlógún kí omi tó kan ẹnu ọ̀nà wa.