Àmì Tí Mo Gbàgbé

Iṣẹ́ ọ̀dà ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Láti Ìlaròó dé Ìmẹ̀kọ, mo kọ orúkọ sára ṣọ́ọ̀bù, mo ya àwòrán irun fún àwọn onígbàjámọ̀. Òjò fọ èyí tó fọ, fúlẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ bo ìyókù. Mo máa ń sọ fáwọn ènìyàn pé kò dùn mí. Irọ́ ni, ó dùn mí wọra.

Ẹyọ kan ló kù, èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, lára ògiri ilé ìyá mi ní Ayétòrò. Ẹ̀kọ inú ewé ló ń tà. Mo fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà: EKO WA NIBI. Ìkánjú ò jẹ́ kí n fi àmì kankan sí i. Ni àwọn èrò ọkọ̀ bá ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́: "Ṣé Èkó ti ṣí wá síbí ni?" Kó tó di ọjọ́ ọjà kejì, ìyá mi ti di Ìyá Èkó. Ojú tì mí, mo gbé búrọ́ọ̀ṣì láti tún un ṣe. Màmá ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ọjà. Ó ní, "Fi sílẹ̀. Ẹni tó bá wá rẹ́rìn-ín á ra ẹ̀kọ."

Ó ti pẹ́ tí Màmá ti lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi tó ń gbé ilé náà pè mí pé ògiri ti ń là, òun fẹ́ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, àmọ́ òun ò ní fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé mo gbà. Mo ní kó dúró dè mí. Mo gbé ọ̀dà pupa sínú báàgì. Alùpùpù tí mo máa ń gùn lọ ti bàjẹ́, mo bá wọ mọ́tò. Mo ti pinnu: wọn ò ní rẹ́ ẹ, èmi ni màá tún un kọ.

Bí a ṣe ń wọ Ayétòrò, ìyálọ́mọ kan tó jókòó tì mí ké sí dẹ́rẹ́bà: "Ẹ̀gbọ́n, mo máa bọ́ ní Èkó o."

Mo rò pé ó ṣi ọkọ̀ wọ̀. Mo ní, "Ìyàwó, ọkọ̀ yìí ò lọ Èkó."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, Èkó ti Ayétòrò ni mo wí."

"Kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀ o, Bàbá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a."

Iwájú ilé wa ló bọ́ sí. Èmi náà bọ́ síbẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, inú mi sì dùn. Àbúrò mi àti bíríkìlà dúró ti ògiri, yanrìn àti sìmẹ́ǹtì wà nílẹ̀, wọ́n ń wo ẹnu mi.

Mo fọwọ́ pa àwọn lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀kan. Mo ní, "Ẹ rẹ́ ẹ."