Balùwẹ̀ Tí Ọwọ́ Ìyá Mi Kò Dá Mọ̀

Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi. Èmi gan-an ni mo dúró níbẹ̀, ojú mi méjèèjì yìí ni mo sì fi rí i, láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi òòlù kan ògiri àtijọ́ títí di ìgbà tí omi ṣàn lórí táìlì tuntun. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́ fún ọ lọ́nà mìíràn, irọ́ ló pa. Òórùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Kí n tó tún balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ní Ugbowo, ní ìlú Benin, ṣe, òórùn ọṣẹ dúdú àti òrí ló máa ń jáde lára ògiri rẹ̀, pàápàá ní ìrọ̀lẹ́ ìgbà òjò, nígbà tí ilẹ̀ pupa bá ti mumi yó, tí gbogbo àdúgbò ń rùn bí ìkòkò amọ̀ tuntun. Bí èèyàn bá ń ti Lagos road bọ̀, tí ariwo kẹ̀kẹ́ ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òórùn yẹn ló máa kí i káàbọ̀ kó tó rí ẹnikẹ́ni.

Ìyá mi ló ni òórùn náà. Nígbà tí bàbá mi kú ni mo lọ gbé e wá láti ilé, nítorí pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú, mi ò sì lè fi í sílẹ̀ kí wọ́n máa fà á lọ́wọ́ kiri bí ewúrẹ́. Èmi tí o ń wò yìí, ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí n tó tẹ̀lé ọ̀gá mi tó jẹ́ fọkanáísà dé Benin, ṣùgbọ́n mo ti kọ́lé kí púpọ̀ nínú àwọn tí a jọ jókòó ní kíláàsì tó mọ ibi tí wọ́n ti ń ra búlọ́ọ̀kù. Ní ṣọ́ọ̀bù táyà mi, àwọn olùkọ́ yunifásítì ló ń dúró dè mí lórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n ń pè mí ní ọ̀gá. Inú ilé tí mo kọ́ yẹn ni ojú ìyá mi ti ṣú pátápátá, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń yí iná àtùpà wálẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kọ́ ilé, bí ọmọdé ṣe ń kọ́ á-bí-dí, títí tí kò fi sí igun kan tí kò mọ̀.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, ìwẹ̀ ọmọ tuntun ni. Àwọn Yorùbá tó wà ládùúgbò, oníṣòwò, òṣìṣẹ́ báńkì, ìyàwó tíṣà, bí wọ́n bá ti bímọ tí ìyá tiwọn kò sì tíì dé láti ilé, ẹnu ọ̀nà wa ni wọ́n ń gbé ọmọ wá. Ìyá mi á jókòó lórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun rẹ̀, á sì máa kì í bó ti ń fi kànrìnkànrìn ra á lára. Á na apá rẹ̀, á na ẹsẹ̀ rẹ̀, á gbé e sókè sílẹ̀ díẹ̀ kó má baà di ojo tó bá dàgbà. Afọ́jú ló ń ṣe gbogbo èyí o. Bí ọkàn ìyá ọmọ kò bá balẹ̀, á ní, "Ojú kọ́ ni mo fi ń wẹ ọmọ, ìyá ọmọ. Ṣé ìwọ tó lójú, o ti wẹ̀ ẹ́ rí?" Ìyá ọmọ á rẹ́rìn-ín, á jókòó.

Nínú balùwẹ̀ yẹn kò ṣi ẹsẹ̀ gbé rí. Kòtò kékeré kan wà nínú sìmẹ́ǹtì ilẹ̀, kò ju ìwọ̀n gìgísẹ̀ lọ, ìjókòó ọdún púpọ̀ ló gbẹ́ ẹ. Bí gìgísẹ̀ rẹ̀ bá ti bọ́ síbẹ̀, ó ti mọ̀ pé ẹ̀rọ omi wà lọ́wọ́ ọ̀tún, nílẹ̀ nílẹ̀, pé garawa omi gbígbóná wà ní ìgúnpá, pé ihò tí omi ń gbà jáde wà níwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wò wọ́n nínú èéfín omi. Oòrùn á gba fèrèsé kékeré wọlé, á mú èéfín náà funfun, á wá dà bí ẹni pé inú ìkùukùu ni wọ́n ti ń wẹ ọmọ, tí wọ́n sì máa tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún wa. Títí di òní, bí mo bá ti ń tòògbé lọ́sàn-án ní ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ni ọkàn mi máa ń lọ.

Àkọ́bí mi obìnrin ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àtúnṣe wáyé. Ó lóyún, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ báńkì, ó sì sọ pé ilé wa ni òun máa gbé ọmọ tuntun wá. Benin ni a ti tọ́ ọ dàgbà. Ó gbọ́ Yorùbá yéké, ṣùgbọ́n òyìnbó tàbí pidgin ló fi ń fèsì. "Grandma, na you go baf my pikin o," ló wí. Ìyá mi gbọ́ ìyẹn dáadáa. Ó ní, "Ọmọ àkọ́bí ọmọ mi, ọwọ́ mi ló máa kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ti ṣe ìyẹn, kò sí ohun tí mo tún ń bá ayé dù." Láti ọjọ́ náà ló ti ń po òrí, tó ń ka oṣù.

Èmi wá wo balùwẹ̀ náà. Páìpù ń sunkún nínú ògiri, ọ̀dà ti ṣí, ewédò ti hù lẹ́sẹ̀ ògiri. Àwọn àna mi, akọ̀wé ni gbogbo wọn, ń bọ̀ wá kí ọmọ. Mo ní rárá, ọmọ-ọmọ mi kò ní í wẹ̀ níbẹ̀, ìyá mi náà kò sì ní í jókòó síbẹ̀ mọ́.

Kí n má parọ́, mo mọ bí wọ́n ṣe ń tún balùwẹ̀ ṣe ju ọ̀pọ̀ tó ń fi í ṣiṣẹ́ jẹun lọ. Mo ti rí ọkùnrin kan ní Ekosodin tó lẹ táìlì tán kó tó ṣí omi sí páìpù. Páìpù ń jò lẹ́yìn ògiri, gbogbo táìlì náà ló fọ́ padà. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí ilẹ̀ balùwẹ̀ rẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́ sí ẹnu ọ̀nà, tí omi ìwẹ̀ ń wá kí àlejò ní pálọ̀. Òmíràn dí fèrèsé pa nítorí olè, kò pẹ́ tí òkè àjà fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ní ṣọ́ọ̀bù táìlì, ọmọbìnrin tó ń tajà gbé èyí tó ń dán bíi dígí wá. Mo bọ́ bàtà, mo ní kó da omi ọṣẹ sórí rẹ̀, mo gùn ún. Ẹsẹ̀ mi sá lọ, mo di káńtà mú. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Daddy, you wan dance?" Mo ní kó gbé èyí tí ara rẹ̀ kò jọ̀lọ̀ wá, ìyẹn ni mo rà sí ilẹ̀. Ẹni tó ṣe páìpù tó sì lẹ táìlì, ọmọ Ẹdó sísanra kan tó máa ń kọrin lábẹ́ ẹnu, mo ní kó kọ́kọ́ dí ihò omi, kó pọn omi kún ilẹ̀, kí omi náà sùn mọ́jú.

"Oga, na you be plumber abi na me?"

"Na me get house," mo dá a lóhùn.

Omi sùn mọ́jú, kò dín. Ó wò mí, ó mi orí. "Oga Yoruba, you too sabi." Òótọ́ ló sọ.

Eruku sìmẹ́ǹtì kò dára fún àyà àgbàlagbà, mo bá gbé ìyá mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin ní Ugbor títí iṣẹ́ á fi parí. O mọ bí àwa ṣe ń ṣe. Bí a bá fẹ́ ṣe nǹkan ńlá fún ìyá ẹni, a kì í bi í. Bí ó bá gbọ́, á ní kí á fi owó yẹn tọ́jú ọmọ, kí balùwẹ̀ wà bó ṣe wà. Òjijì ni mo fẹ́ fi bá a, kí inú rẹ̀ dùn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bi oníṣẹ́, mo bi ẹni tó ń tajà, mo bi ọkọ ọmọ mi, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo ibẹ̀ jù, kò sí ẹni tó bi í. A gbé ilẹ̀ sókè kí ó lè ṣe gẹ̀rẹ́ dáadáa. A gbé ihò omi lọ sí igun. A yí ilẹ̀kùn sí apá kejì. Ẹ̀rọ omi gòkè ògiri, tútù àti gbígbóná nínú ẹnu kan. Nígbà tó parí, mo dúró ní àárín rẹ̀, ohùn ara mi ń padà wá bá mi bí ohùn inú ṣọ́ọ̀ṣì, orí mi wú.

Ọjọ́ tí mo gbé e padà dé, èmi fúnra mi ni mo fà á lọ́wọ́ wọlé, ìyàwó mi tẹ̀ lé wa.

"Màmá, ẹ fọwọ́ kan ògiri."

Ó fọwọ́ kàn án, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rìn lórí rẹ̀. "Ó tutù."

"Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo òpópónà yìí."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run á jẹ́ kó o lò ó pẹ́." Ó na ọwọ́ síwájú. "Ibo ni mo kọjú sí?"

"Ẹ̀rọ omi lẹ kọjú sí, Màmá," ìyàwó mi wí. "Òkè orí yín ló wà."

"Òkè orí? Òjò lẹ fẹ́ máa rọ̀ fún mi nínú ilé?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá nǹkan nílẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ ń lọ ń bọ̀ lórí táìlì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò rí i.

Ọmọ dé láti ọsibítù lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú, ọmọkùnrin, irun rẹ̀ kún orí. Ìyàwó mi gbé omi wá, ìyá mi jókòó lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀. A gbé ọmọ lé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, ohùn rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀ kan, ó ń lu ògiri padà, ó dà bí pé ìyá mi mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ó ti fi ọṣẹ ra ọmọ láti orí dé ẹsẹ̀ nígbà tó na ọwọ́ ọ̀tún sí omi. Afẹ́fẹ́ ló bá. Ó yí díẹ̀, ó tún na án, ògiri ló kàn. Omi ń kán níbì kan, ṣùgbọ́n gbogbo ògiri ló ń sọ pé ọ̀dọ̀ òun ni. Oríkì já lẹ́nu ìyá mi. Ó gbé ọmọ mọ́ àyà pẹ̀lú ọṣẹ lára, ó dì í mú ṣinṣin, kò mira, ọmọ ń ké.

"Ìyàwó, gba ọmọ yìí."

"Màmá, omi náà rèé, mo ti gbé e sún mọ́ yín."

"Gba ọmọ. Mi ò mọ ibi tí mo wà."

Ìyàwó mi gbà á, ó ṣan ọṣẹ kúrò lára rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò sí ẹni tó ṣubú, ọmọ kò gbọgbẹ́. Ìyá mi kàn jókòó síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣí sílẹ̀ lórí itan, ọṣẹ ń gbẹ lórí wọn.

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń fi ọwọ́ lẹ́rán. Ní ọjọ́ kejì, mo pe ọmọ Ẹdó padà. Mo ní kó fọ́ ilẹ̀ apá ọ̀tún, kó yọ ẹ̀rọ tuntun náà, kó fi ọ̀kan sísàlẹ̀ síbi tí ti àtijọ́ wà, kó fi sìmẹ́ǹtì lásán rẹ́ ibẹ̀, kó sì fi àtàǹpàkò gbẹ́ kòtò kékeré kan síbẹ̀ kó tó gbẹ.

"Oga, this fine work? You wan spoil am?"

"Break am."

Ó fọ́ ọ, kò kọrin rárá. Nígbà tó gbẹ, mo mú ìyá mi wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ kan ẹ̀rọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Gìgísẹ̀ rẹ̀ wọ inú kòtò, ó dúró síbẹ̀ pẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ láti òkèèrè.

"Ó jọ ọ́," ó wí. "O gbìyànjú."

"Ṣé kí wọ́n gbé ọmọ wá?"

"Rárá o. Ẹ̀rù ti wọ ọwọ́ mi. A kì í fi ọmọ dán ilẹ̀ wò."

Mo bẹ̀ ẹ́, ìyàwó mi bẹ̀ ẹ́, ọmọ mi fi Yorùbá bẹ̀ ẹ́, èyí tí kì í sọ. Kò gbà. Ìyàwó mi ló wẹ ọmọ náà dàgbà. Ìyá mi á gbé àpótí rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, á máa fetí sí omi. "O ti gbàgbé abẹ́ ọrùn rẹ̀," á ní, òótọ́ sì ni, ó ti gbàgbé. Àwọn ará àdúgbò gbé ọmọ wá fún ìgbà díẹ̀ sí i, ó ń dá wọn padà pẹ̀lú àdúrà, lẹ́yìn náà wọn kò wá mọ́.

Balùwẹ̀ náà wà níbẹ̀ títí di òní. Kò jò, omi kò dúró lórí ilẹ̀ rẹ̀, àwọn àna mi yìn ín títí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ báyìí, tí kò sí bíríkìlà tó lè kọ́ mi, ni pé inú ilé kan náà, ilé méjì ló wà: èyí tí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́, àti èyí tí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ti kọ́ sínú ara rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Èyí àkọ́kọ́, bó bá wó, a lè tún un kọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fọ́ ògiri báyìí tó sì wá bi mí, ìbéèrè kan ni mo máa ń kọ́kọ́ bi í: ta ló mọ ibẹ̀ jù lọ, ṣé o ti jókòó tì í?

Ohun tó ṣòfò rèé. Táìlì ilẹ̀ mọ́kànlá. Àpò sìmẹ́ǹtì kan tó dì kí a tó lò ó tán. Ẹ̀rọ omi tútù àti gbígbóná kan. Ọmọ-ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fún mi kí ìyá mi tó kú. Ó wẹ ẹyọ kan, kò sì wẹ̀ ẹ́ tán.