Iná Tí Ọ̀rẹ́ Mi Tàn

Ìlara ni. N kò ní pè é ní orúkọ mìíràn, nítorí ẹni tó ń jowú ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó wá ń pè é ní ìbínú òdodo, ara rẹ̀ ló ń tàn jẹ.

Ọjọ́ kan náà ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká wa ní Adó, àlòkù tó ti òkè òkun dé, oríṣi kan náà. A yọ ohun tó wà lórí wọn, a fi sọ́fúwíà ọ̀fẹ́ tí àwọn ènìyàn káàkiri ayé ń pawọ́ pọ̀ kọ sí wọn. Gbogbo nǹkan ṣiṣẹ́ àfi iná pupa kékeré kan. Tí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnnì tó ń pa máìkì, máìkì á kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná tó yẹ kó fi hàn bẹ́ẹ̀ kò ní tàn.

Ọ̀rẹ́ mi ń ṣe tíṣà ní Igbemo-Èkìtì, ó sì máa ń fi kọ̀ǹpútà náà kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ láti ilé nígbà ìsinmi. Lọ́jọ́ kan ó rò pé òun ti pa máìkì, gbogbo kíláàsì sì gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń bá a wí pé kò tíì mú ìyàwó wálé. Inú mi dùn gan-an nígbà tó sọ ọ́ fún mi.

Èmi ni mo wá ìdí rẹ̀ rí. Ibì kan wà nínú sọ́fúwíà náà tí wọ́n kọ nọ́ńbà oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà sí, àti bí a ṣe ń tan iná ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tiwa kò sí níbẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ló kù kí a fi kún un. Mo fi han ọ̀rẹ́ mi, mo ní èmi ni n ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bójú tó o, nítorí orúkọ ẹni tó bá fi ránṣẹ́ ni yóò wà lára iṣẹ́ náà títí láé. Mo fẹ́ orúkọ yẹn ju bí mo ṣe fẹ́ kí iná tàn lọ.

Ṣùgbọ́n mo ń tún un ṣe. Mo kọ àlàyé tó máa bá a lọ, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ, kí àwọn tó máa kà á má baà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ọ̀rẹ́ mi bá bèèrè, mo máa ń ní ó kù díẹ̀. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, ṣùgbọ́n èmi kò tíì kúrò nídìí igi. Nígbà tó yá, kò bèèrè mọ́. Ó wá sílé mi ní Òkè-Ìlá nínú Adó lọ́sàn-án Sátidé kan, ó ní kí n bá òun dán nǹkan kan wò lórí kọ̀ǹpútà mi. Mo tẹ bọ́tìnnì. Mo sì fi ẹnu ara mi sọ pé, "Ó tàn."

Ó ti kọ ìlà náà fúnra rẹ̀, ó fi ránṣẹ́, àwọn tó ń bójú tó sọ́fúwíà náà sì gbà á. Orúkọ rẹ̀ wà lókè gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe é. Tèmi wà nísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dán an wò.

Ìyá rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà ní ọmọ Adó ti tan iná sínú kọ̀ǹpútà gbogbo àgbáyé, a sì jó lọ síwájú pẹpẹ láti dúpẹ́, èmi lẹ́yìn rẹ̀, tí mò ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí bàtà fún lẹ́sẹ̀. Nígbà tí a délé, ìyá mi bi mí pé, "Ọmọ mi, uṣẹ́ tìẹ ńkọ́?" Mo wọ yàrá lọ. Mo lẹ pílásítà mọ́ iná náà kí n má baà máa rí i.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọ̀rẹ́ mi tún wá. Ó rí pílásítà náà. Ó ní iná kejì wà, èyí tó wà lórí bọ́tìnnì tó ń pa sípíkà, òun náà kò tàn.

"Ìwọ lo mọ ìdí ti àkọ́kọ́," ó ní. "N kò ní fọwọ́ kan eléyìí. Orúkọ tìẹ ni kó wà níbẹ̀."

Ó dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bó bá jẹ́ olè ni, ǹ bá rí nǹkan sọ.

Mo ti rí ìlà náà. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi. Lánàá, ọ̀rẹ́ mi pè mí lórí fóònù, ó bèèrè bóyá mo ti fi ránṣẹ́.

Mo ní, "Ó kù díẹ̀."