Òrí Tí Mista Len Dá Padà

Ìgbà tí mo ṣì kéré, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká eyín, ni dókítà kan bi màmá mi pé kí ló wà nílé wa tó ní òjé nínú. Ẹ̀jẹ̀ Bùnmi, àbúrò mi tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ni wọ́n yẹ̀ wò tí wọ́n fi rí i. Màmá mi wo ojú dókítà, ó wo ojú mi. Òjé tó mọ̀ kò ju èyí tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n lọ. Dókítà ní bí a kò bá tètè rí ibi tó ti ń wọlé, ó lè ba ọpọlọ ọmọ náà jẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀rù, kò sì tíì kúrò lára mi tán.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Dagenham nílùú Òyìnbó láyé ọjọ́un, ẹ ó rántí pé àwa ọmọ Yorùbá kò pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Bàbá mi ń wa lọ́rì ní Dagenham Dock, màmá mi ń tún ọ́fíìsì ṣe ní ìdájí. Iṣẹ́ tèmi ni kí n ṣa ẹ̀wà, kí n fọ ìkòkò, kí n má sì jẹ́ kí Bùnmi sún mọ́ sítóòfù. Bí mo bá gbàgbé ọ̀kan nínú wọn, orí ìkúnlẹ̀ ni mo máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì, ọwọ́ mi méjèèjì lókè, òórùn ata díndín á sì máa ta mí nímú.

Ọgbà pákó kan tí kò ga ju èjìká àgbàlagbà lọ ló wà láàárín ẹ̀yìnkùlé wa àti ti Mista Len. Òyìnbó arúgbó ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó sì ti fẹ̀yìn tì. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ìbọn ìléwọ́ yin àmì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, òfin sì gbà wọ́n láyè nígbà náà. Fúnra rẹ̀ ló ń rọ ọta tó ń lò. Á yọ́ òjé nínú ìkòkò irin kékeré nínú ilé pákó ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, á dà á sínú mọ́ọ̀dù, irin oníhò tó ń sọ ọ́ di ọta. Ṣùgbọ́n òjé lásán máa ń lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn bó bá ń kọjá, àfi kí ó fi nǹkan ọlọ́ràá pa ọta náà lára. Èwo ni kó lò? Ohun tó ń dà á láàmú ní gbogbo ìgbà ooru ọdún yẹn nìyẹn.

Ó máa ń rò ó fún màmá mi lórí ọgbà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Ọ̀rá màlúù ń yọ́ bí oòrùn bá mú, ó sì ń rùn. Ìda oyin nìkan le jù, ńṣe ló ń ṣí kúrò bí èèpo. Gírísì ọkọ̀ ń rú èéfín dúdú sí i lójú. Màmá mi, tí bàbá tiẹ̀ jẹ́ ọdẹ ní Ṣakí, rẹ́rìn-ín, ó wọlé, ó bu òrí sínú abọ́ tánganran kékeré fún un. Ìyá àgbà ló ń fi òrí náà ránṣẹ́ sí wa. Mista Len fi ìka ra á, ó gbé e símú, ó ní òórùn rẹ̀ jọ ti ẹja yíyan. Ó yọ́ ọ pọ̀ mọ́ ìda oyin. Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e nínú aṣọ funfun wa, ó ti dúró dè wá nídìí ọgbà, ó ní inú ìbọn òun mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni abọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ré ọgbà kọjá, èmi ni mo sì ń gbé e. Nígbà àkọ́kọ́ tí Mista Len dá a padà, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Màmá mi fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ó ní nílé wa a kì í dá abọ́ aládùúgbò padà lófìfo, àfi bó bá fẹ́ kí ebi pa wá. Ìtìjú mú kí ojú Mista Len pọ́n wẹ̀ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tòmátì ọgbà rẹ̀ ló ń bá abọ́ wa wá, oòrùn á ṣì wà lára rẹ̀. Mo ṣì ń wá irú tòmátì bẹ́ẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Nígbà tí òtútù dé, tòmátì tán. Mista Len kò fẹ́ hùwà àìmọ̀kan, ló bá fi òrí tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ sínú abọ́, ó dá a padà. Ìka tó fi ń mú ọta náà ló ti fi ń bu òrí ọ̀hún. Màmá mi kò rí nǹkan kan lára rẹ̀, ó dà á lé tiwa lórí. Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wa nígbà òtútù: wọ́n á fi òrí pa wá nímú àti láyà, bí a bá sì ń húkọ́, wọ́n á fi díẹ̀ sí wa lẹ́nu. Bùnmi fẹ́ràn rẹ̀ ju súwíìtì lọ.

Kò pẹ́ tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ó kọ ìrẹsì, ó kọ mílíìkì. Èyí tó dẹ́rù bà mí jù ni pé àwọn ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ ń kúrò lẹ́nu rẹ̀, orúkọ mi ló sì kọ́kọ́ lọ. Wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì wa gbàdúrà, màmá mi gbààwẹ̀, lẹ́yìn náà la tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá yẹ ọ̀dà ara ògiri àti páìpù omi wa wò bóyá òjé wà níbẹ̀, wọn kò rí nǹkan kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí màmá mi ń ká aṣọ lórí okùn, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Mista Len. Ọkùnrin náà bi í pé:

“Òrí yẹn, ṣé ẹ̀ ń jẹ ẹ́ ni?”

Màmá mi ní a máa ń lá a. Mista Len di ọgbà mú. Ó ti rò pé ìpara lásán ni, kì í ṣe jíjẹ. Ó gba ojú títì wá sí ẹnu ọ̀nà iwájú wa, ohun tí kò ṣe rí, ó sì tẹ̀ lé wa lọ fẹnu ara rẹ̀ sọ fún dókítà.

Bàbá mi fẹ́ pe ọlọ́pàá. Màmá mi ní, “Ta la fẹ́ mú, Bàbá Ṣadé? Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó má dá abọ́ padà lófìfo.” Bàbá mi padà jókòó.

Wọ́n rí òjé lára èmi náà, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Bùnmi sùn sí ọsibítù, wọ́n fún un lóògùn, lẹ́yìn náà a ń lọ síbẹ̀ lóṣooṣù fún àyẹ̀wò. Mista Len kò rọ ọta mọ́. Ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu Bùnmi díẹ̀díẹ̀. Ní báyìí tó ti di ìyá ọmọ méjì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tán lórí fóònù.

Nítòsí Castle Green, ní Dagenham kan náà, ni mò ń gbé báyìí. Ọgbà tó wà láàárín èmi àti aládùúgbò mi ga jù mí lọ, mi ò sì mọ orúkọ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fún àwọn ọmọ mi ní nǹkan, mo máa ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ tán kí wọ́n tó ṣí i. Ọmọbìnrin mi á ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, bisikíìtì lásán ni.” Mo mọ̀. Síbẹ̀, ayé ìgbà ọgbà kúkúrú yẹn, pẹ̀lú gbogbo ohun tó fi ojú wa rí, ni ọkàn mi ń fà sí.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ Bùnmi ti mọ́, pé kí a má wá mọ́. Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, Mista Len wà lẹ́nu géètì rẹ̀ láìní agbòjò, òjò ti rin gbogbo èjìká rẹ̀. Ojú màmá mi ló ń wò. Màmá mi ní, “Ó ti tán, Mista Len.” Mista Len mi orí pé ó dáa, ó ní kí a tètè gbé ọmọ wọlé kí òjò má pa á. Èmi tí mo dàgbà yìí, mo ti lọ ṣe àyẹ̀wò ní ọsibítù lẹ́ẹ̀mejì, mo sì padà sílé láìsí ẹnì kan ní àdúgbò tó mọ̀ pé mo jáde.