Máa Bọ̀ Ni, Máa Lọ Kọ́

Mo rántí bí ata ṣe máa ń ta mí lójú, tí ariwo ẹ̀rọ ìlọta màámi sì máa ń dí mi létí ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Agbowó. N kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Àwọn àgbà á máa tàkúrọ̀sọ nínú ariwo yẹn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tó ń dún. Èmi ní tèmi, bí wọ́n bá ní kí n gbé àwo wá, àga ni mo máa wọ́ dé. Màámi á ní, “Ọmọ yìí mà lórí kunkun o!” Ó máa ń dùn mí. Ohun tí mo gbọ́ ṣáà ni mo gbé.

Lákòókò náà, àbúrò màámi, tí mò ń pè ní Àǹtí, àti bùrọ̀dá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù fọtokọ́pì lódìkejì títì wa ń fẹ́ra sọ́nà. Bùrọ̀dá ṣèlérí pé àwọn á lọ kí bàbá Àǹtí ní Àpáta, wọn ò lọ, ni Àǹtí bá kẹ̀yìn sí wọn pátápátá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bùrọ̀dá dúró sẹ́nu géètì, wọ́n fajú ro. Wọ́n ní kí n sọ fún Àǹtí pé àwọn wá bẹ̀bẹ̀, pé bí Àǹtí ò bá fẹ́ rí àwọn, àwọn ò ní yọjú mọ́ láé.

Mo sáré jíṣẹ́ fún Àǹtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ojú Àǹtí tàn, wọ́n fèsì nínú ariwo ẹ̀rọ. Mo sáré padà.

“Wọ́n ní kẹ́ ẹ máa lọ.”

Bùrọ̀dá yíjú, wọ́n lọ. Mo wá lọ sọ fún Àǹtí pé wọ́n ti lọ.

“Yéè! Máa bọ̀ ni mo ní!”

“Ẹn?”

Àǹtí bẹ̀rẹ̀, wọ́n fẹnu sún mọ́ etí mi. “Sáré lé wọn! Sọ pé mo ṣì fẹ́ wọn!”

“Ẹn?”

Àǹtí fa èémí sínú. Àṣé ata ti kúnná, màámi sì ti fọwọ́ kan ẹ̀rọ láti pa á.

“MO ṢÌ FẸ́ WỌN O!”

Ẹ̀rọ ti dákẹ́, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ. Màámi ní, “Ó ti tó, a ti gbọ́.” Lódìkejì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dúró de fọtokọ́pì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bùrọ̀dá sáré padà sọdá títì, kẹ̀kẹ́ kan ló ní láti dúró fún wọn.

Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mò ń kọ́ báyìí ní Bódìjà. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ké, tí ọmọ kan sì ní “Ẹn?” sí mi, n kì í bínú. Etí ọmọdé ò tíì mọ bí a ṣe ń ṣa ọ̀rọ̀ nínú ariwo bíi ti àgbà. Àǹtí àti bùrọ̀dá ti di tọkọtaya tipẹ́, ojú sì ṣì máa ń ti Àǹtí bí a bá sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọkọ wọn á ní àwọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà dáadáa o, ọ̀nà jìn, àfi kí Àǹtí tún un sọ. Àǹtí á bú wọn dáadáa, wọ́n á wá sún mọ́ ọkọ wọn, wọ́n á tún un sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.